Ọwọ́ Gbígbọ̀n àti Ohùn Kíkẹ̀: Ohun tí Oògùn Ikọ́ Fée Ń Ṣe sí Ara Wa

  Èéfín ààrò gan-an ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Gbogbo àwa tí à ń yan ẹja ní Òde-Omi la mọ̀ pé ẹni tí ó ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní àsímà, kò lè jókòó ti ààrò pẹ́ kí àyà rẹ̀ má fún. Nítorí náà ìnhélà kì í jìnnà sí àwọn kan nínú wa: ẹ ó rí i nínú àpò owó, ẹ ó rí i nínú apẹ̀rẹ̀ ẹja.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ti ṣàkíyèsí. Bí oògùn bá mú ọwọ́ gbọ̀n, tí àyà ń lù kì-kì-kì, tàbí tí ohùn kẹ̀, ẹlòmíràn á ní, "Oògùn yìí fẹ́ pa mí o," á sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ní pẹ́, ikọ́ á dé lóru, nígbà tí kò sí ọkọ̀ létí omi mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ṣe rí láti ọ̀dọ̀ wa dé Abigi, ká má tíì sọ ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn oògùn wọ̀nyí ń ṣe sí ara ló ní ìdí, ó sì ní ohun tí a lè ṣe sí i. Kí a dédé pa oògùn tì ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀.

OÒGÙN MÉJÌ, IṢẸ́ MÉJÌ

Ikọ́ fée kì í ṣe ikọ́ lásán. Àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró ni inú wọn ń wú, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń dí wọn. Iṣan tí ó yí wọn ká á tún wá fún wọn pinpin, bí ìgbà tí èèyàn fi okùn di ẹnu àpò. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ń tú okùn, èkejì ń mú wíwú náà rọlẹ̀.

Èyí tí ń tú okùn ni salbutamol, tí a mọ̀ sí Ventolin. Láti 1969 ni ó ti wà lọ́jà. Ike rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni àyà á ti là, agbára rẹ̀ á sì wà lára fún bíi wákàtí mẹ́rin. Èkejì ni irú bíi beclometasone, budesonide àti fluticasone. Steroid ni wọ́n, ike wọn sì sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ mìíràn. Èyí kì í là àyà lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè lò ó fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan, méjì, kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Èyí tí ó pa oríṣi méjèèjì pọ̀ sínú ike kan náà wà pẹ̀lú.

Láti 2019 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ikọ́ fée lágbàáyé, tí orúkọ àjọ wọn ń jẹ́ GINA, ti sọ pé kí àgbàlagbà má ṣe máa lo búlúù nìkan mọ́. Àfi kí oògùn tí ń mú wíwú rọlẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣebí bí a bá ń tú okùn ẹnu àpò lójoojúmọ́, tí ohun tí ń wú nínú àpò ò dẹ́kun wíwú, àpò náà á ṣì bẹ́ ni.

ỌWỌ́ TÍ Ń GBỌ̀N

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, nítorí òun ni ẹ ń sọ fún wa jù. Ẹni tí ó fín búlúù tán tí ó fẹ́ ka owó, owó á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà á sì máa wò ó bíi pé ẹ̀rù ń bà á. Ohun tí ó fà á nìyí: ibi tí salbutamol ti ń di iṣan ọ̀nà èémí mú láti tú u, irú ibẹ̀ náà wà lára iṣan ọwọ́, ó sì wà lára ọkàn. Oògùn náà ò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan la rán òun sí. Díẹ̀ á yà sí ọwọ́, díẹ̀ á yà sí ọkàn, àyà á wá máa sáré. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sì í pẹ́ púpọ̀ kí ó tó rọlẹ̀. Kì í ṣe àrùn ọkàn ni ẹ kó o. Ẹni tí ó bá ń lò ó fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ á tún mọ́ ọn lára, gbígbọ̀n náà á dínkù.

Ẹ jókòó, ẹ fi ẹ̀yìn ti nǹkan, ẹ jẹ́ kí ó kọjá kí ẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má jẹ obì sí i. Inú obì ni kaféènì wà, bó ṣe wà nínú kọfí, òun náà a máa mú ọkàn sáré. Ẹni tí ó ń ta ọjà òru tí ó fín búlúù, tí ó tún jẹ obì kí oorun má bàa kùn ún, ó ti fi ẹṣin méjì fa kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ wá wà lórí salbutamol oníhóró, èyí tí à ń gbé mì. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò wọ́n, kẹ́mísì sì kún fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Fífín ìnhélà kan jẹ́ ìwọ̀n 100, hóró tí wọ́n kọ 4mg sí lára sì jẹ́ 4,000 nínú ìwọ̀n kan náà. Hóró kan dọ́gba pẹ̀lú fífín 40! Ìdí tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ikùn ni hóró kọ́kọ́ ń lọ, á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á yí gbogbo ara ká kí díẹ̀ nínú rẹ̀ tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìnhélà, ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ tààrà. Nítorí náà ẹni tí ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá hóró ni ó ń gbé mì. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó bá dókítà sọ ọ́ kí wọ́n fún un ní èyí tí à ń fín. Àwọn àgbà inú wa á rántí Franol. Ephedrine àti theophylline ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ bí wọ́n ṣe ń lé oorun lọ tí wọ́n ń mú àyà lù. Theophylline àti aminophylline a tún máa rùn ní inú, wọn a máa mú èébì wá. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà tàbí olóògùn bí ó bá fẹ́ lo erythromycin tàbí ciprofloxacin fún àìsàn mìíràn, torí àwọn oògùn wọ̀nyí lè jẹ́ kí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìgbà wo wá ni gbígbọ̀n di ọ̀rọ̀ tó lágbára? Bí ó bá jẹ́ pé búlúù lẹ ń fín ní gbogbo ìgbà. Ike kan sábà máa ń gba fífín 200. Ẹni tí ó ń fín ẹ̀ẹ̀mejì-mejì nígbà mẹ́rin lójúmọ́ á lo ike kan tán ní ọjọ́ 25. GINA sọ pé ẹni tí ó bá lo ike mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, ewu kí ikọ́ náà gbé e dé ọsibítù ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá tó ike méjìlá, ewu ikú ló kù. Ohun tí ọwọ́ gbígbọ̀n ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ikọ́ náà kò sí níkàáwọ́, kí ó lọ gba oògùn kejì. Lílò àlòjù a tún máa fa iṣan ẹsẹ̀. Bí àyà bá ń dùn, tí ọkàn ń lù tí ó ń fò, tàbí tí òòyì ń kọ́ni bí ẹni tó fẹ́ dákú, ọsibítù ni, kì í ṣe kẹ́mísì.

OHÙN TÍ Ó KẸ̀

Ohùn ni ọjà wa. Ẹni tí kò lè kígbe "ẹja tútù rèé o" létí omi, ta ni yóò mọ̀ pé ó dé? Nítorí náà a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn tí ń lo steroid tí à ń fín. Ohùn a máa kẹ̀, ọ̀fun a máa gbẹ, nígbà mìíràn nǹkan funfun bí ògì á hù sórí ahọ́n àti sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú, tí ata ò ní ṣeé fi kàn án. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé oògùn tí ó yẹ kó dé ẹ̀dọ̀fóró ló kù sí ẹnu àti ọ̀fun. Steroid ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù níbi tí ó bá bà lé, èyí tí ń hù bí ògì náà á wá ráyè.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le rárá, omi ni. Bí ẹ bá ti fín in tán, ẹ bu omi sẹ́nu, ẹ yọ ọ́ dáadáa, ẹ tu ú dànù. Ẹ tún bu òmíràn, ẹ gbé orí sẹ́yìn kí ó ró gbùrù-gbùrù ní ọ̀nà ọ̀fun, ẹ tún tu ú. Ẹ má gbé e mì o. Omi inú ọ̀rá kan ti tó. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí ẹ fín oògùn náà kí ẹ tó fọ ẹnu láàárọ̀ àti kí ẹ tó fọ ẹnu lálẹ́, kò ní sí ìgbàgbé. Bí ògì ẹnu náà bá ti hù, oògùn wà fún un ní ọsibítù, kì í pẹ́ lọ. Ẹ má tìtorí rẹ̀ jáwọ́. Bí ohùn bá kẹ̀ tí kò padà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ sọ fún dókítà, wọ́n lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ike.

Ohun kejì tí ó ń ṣèrànwọ́ ni ohun tí wọ́n ń pè ní spacer, ike gbọọrọ kan tí à ń fi sí àárín ìnhélà àti ẹnu. Èyí tí ó bá wúwo jù nínú oògùn á bọ́ sínú rẹ̀ dípò ọ̀fun, èyí tí ó fúyẹ́ á lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó wọ́n, ó sì ṣòro láti rí ra. Ṣùgbọ́n ní 1999, àwọn dókítà kan ní Cape Town, ní South Africa, gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Ìgò ike omi 500ml ni wọ́n fi ṣe spacer fún àwọn ọmọdé tí ikọ́ fée gbé dé ọsibítù, ó sì ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà. Irú ìgò tí a ń jù sí etí omi kiri yìí ni o. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ tí ó bá ẹnu ìnhélà yín mu gẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ má ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá ní àlàfo, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i kí ó gbẹ. Ẹ fi ìnhélà bọ ihò náà, ẹ fi ẹnu bo ẹnu ìgò, ẹ fín ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ wá rọra mí sínú kí ẹ mí síta nígbà márùn-ún. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó fín èkejì. Ẹ máa fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún nínú, torí oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ọn.

HÓRÓ PREDNISOLONE

Níbí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Prednisolone náà steroid ni, ṣùgbọ́n gbígbé mì ni. Nígbà tí ikọ́ bá le gan-an, dókítà lè fún yín lò fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Oògùn rere ni, ó ti yọ ẹ̀mí púpọ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ebi á máa pa yín bí ẹni tí kò jẹun rí, oorun lè dá lójú, inú lè máa bí yín sí ọmọ àti ọkọ láìnídìí. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, oorun alẹ́ á padà, inú ò sì ní ta yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó gbà á, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú náà, kí ó sọ ọ́.

Ewu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń rà á fúnra wa, oṣù lé oṣù. Ojú á wú bí òṣùpá, ikùn á tóbi, àwọn kan á tún ní "ẹ wò ó, ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò!" Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa àwọn tí ń ra á láti fi sanra? Ìsanra kọ́ ni, omi àti ọ̀rá ni. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ru, eegun ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, awọ ń ya bí ìwé, ojú ń ṣe bàìbàì. Oògùn àpapọ̀ tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò, tí ó ń wo ara ríro, ikọ́ àti òtútù pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ fura sí i. Steroid lè wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò mọ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ó ju wíwú ojú lọ. Lórí kíndìnrín méjèèjì ni ohun kékeré kan wà tí ó ń ṣe irú steroid tirẹ̀ fún ara lójoojúmọ́. Bí a bá ń ti ìta gbé e wọlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun náà á ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, bí ìyá aláta ṣe ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ọkọ̀ ata dé láti òkè. Bí ẹ bá wá dá hóró náà dúró lójijì, kò sí ti ìta, kò sí ti ilé. Ara á rẹ̀ pátápátá, òòyì, èébì, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Nítorí náà ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́, kí ó má tìtorí ohun tí a kọ síbí yìí dá a dúró lónìí. Kí ó lọ bá dókítà, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì tìtorí prednisolone bẹ̀rù steroid tí à ń fín. Fífín beclometasone kan lè jẹ́ ìwọ̀n 100, hóró prednisolone 5mg jẹ́ 5,000. Oògùn méjèèjì kò jọra, ìwọ̀n lásán là ń wò, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìyàtọ̀. Aláboyún náà, kí ó má ju ìnhélà rẹ̀ nù. Àìrí èémí mí ìyá ló léwu fún ọmọ inú ju ìnhélà lọ.

OÒGÙN MÌÍRÀN TÍ Ó LÈ DÁ IKỌ́ SÍLẸ̀

Nígbà mìíràn, oògùn ẹ̀gbẹ́ ló jẹ̀bi. Alábùkún tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918, kò sí ilé tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ń lò ó láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín onikọ́ fée tí aspirin, ibuprofen tàbí diclofenac máa ń dá ikọ́ sílẹ̀ lára wọn láàárín wákàtí kan, méjì. Ẹni tí ó bá ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, paracetamol ni kí ó máa lò bí orí bá fọ́ ọ. Propranolol tí wọ́n ń fún àwọn kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àyà lílù lè fún ọ̀nà èémí pinpin. Timolol tí à ń kán sójú fún glaucoma náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ni à ń kán an sí. Ẹ máa sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fún yín ní oògùn pé ẹ ní ikọ́ fée.

NÍPA OWÓ

Ní oṣù kẹjọ 2023, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline tí ó ń kó Ventolin wá kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Owó ìnhélà fò sókè, ẹ̀yin náà rí i. Àwọn kan wá ń ṣọ́ ọ lò, wọ́n ń fi steroid sílẹ̀ nítorí pé kì í là àyà lójú ẹsẹ̀, búlúù nìkan ni wọ́n ń rà. Ó jọ pé wọ́n ń jèrè, ṣùgbọ́n búlúù á tètè tán, ikọ́ á tún le sí i. Salbutamol tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe wà, iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, gáàsì ni wọ́n fi kún agolo rẹ̀, ooru lè mú un bẹ́. Ẹni tí ó bá sì lè jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí èéfín máa lọ síwájú rẹ̀, oògùn tí yóò lò á dínkù.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ DÉ LÓRU

Bí ẹnìkan kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ó ń tòògbé, tàbí tí búlúù kò là á láyà, ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e jókòó, ẹ má jẹ́ kí ó sùn sílẹ̀. Ẹ fi spacer fín búlúù fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin sí mẹ́wàá, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n, àyà rẹ̀ á sáré. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ̀n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a fi bí a ṣe ń lu ihò sí ìdí ìgò hàn án, kí ó mú ìgò omi òfìfo kan àti ìnhélà rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.